Ilé ogójì yàrá létí ọ̀sà

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ gígùn ni mo gbé wá lónìí o. Ẹni tó bá ń kánjú, kó tọ́jú ẹ̀, kó padà wá kà á lálẹ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, fọ́tò àwọn ilé ńláńlá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló kún ojú fóònù mi. Ẹ mọ irú ilé tí mò ń sọ: ilé olówó tó dá wà lábúlé, odò ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, koríko tútù lọ títí dé ibi tójú ò tó, ẹṣin ń jẹko níwájú ilé. Ẹnì kan wá kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé, “Kí ló dé tí àwọn bàbá ńlá tiwa ò kọ́ irú ẹ̀ sílẹ̀ fún wa?” Àwọn èèyàn sì ń rẹ́rìn-ín lọ.

Èmi ò rẹ́rìn-ín. Imeke ni mo ti dàgbà, lápá Àgbádárìgì, a ò sì jìnnà sí ọ̀kan. Wọ́n kọ́ ọ fún wa. Ó wà létí omi, ó ní ogójì yàrá. Ẹni tó ni ín lówó, ó lóyè, ó láya, ó bímọ. Inú ọgbà ibẹ̀ ni wọ́n sin ín sí, àwọn ọmọ-ọmọ ẹ̀ ṣì ń gbé ibẹ̀ títí di òní. Ohun tí wọ́n ń kó sínú ogójì yàrá yẹn ni wàhálà ọ̀rọ̀ náà.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ parí ti òyìnbó ná, kí ẹ má lọ rò pé àṣírí tiwa nìkan ni mo fẹ́ tú. Irú ilé tí wọ́n ń gbé fọ́tò ẹ̀ kiri yẹn, ẹ wo Harewood House ní Yorkshire. Ọdún 1759 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, 1771 ni wọ́n parí ẹ̀. Ìdílé Lascelles ló ni ín, owó ìrèké àti òwò ẹrú láti àwọn erékùṣù Caribbean ló sì wà nídìí ọrọ̀ wọn. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣòfin lọ́dún 1833 pé kí wọ́n tú ẹrú sílẹ̀ lábẹ́ àsíá wọn, ogún mílíọ̀nù pọ́n-ùn ni wọ́n yà sọ́tọ̀ láti fi tu àwọn kan nínú. Ta ni ẹ rò pé wọ́n fún? Àwọn tó ni ẹrú ni o. Ẹrú fúnra ẹ̀ ò gba kọ́bọ̀.

Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká padà sílé.

Ilé Sẹ̀ríkí Williams Abass ni mò ń sọ, ní Àgbádárìgì, lápá Marina, níbi tí o ti lè dúró kí o máa wo ọ̀sà, kí o sì máa wo erékùṣù Gbẹ̀rẹ̀fú lódìkejì. Òkun ńlá gan-an wà lẹ́yìn Gbẹ̀rẹ̀fú. Ibẹ̀ ni wọ́n ń fi ọkọ̀ gbé àwọn ẹrú sọdá sí, tí wọ́n á wá fẹsẹ̀ rìn nínú iyanrìn títí dé etí òkun tí ọkọ̀ òyìnbó ti ń dúró. Ọ̀pọ̀ nínú yín ti ya fọ́tò níbẹ̀.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo wọ ilé Sẹ̀ríkí, ọmọ ilé ìwé ni mí. Wọ́n kó wa lọ. Ọkùnrin tó ń mú wa kiri sọ fún wa pé yàrá ogójì ló wà níbẹ̀, ogójì èèyàn ni wọ́n ń kó sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tíṣà wa ní ká ṣírò ẹ̀. Ẹgbẹ̀jọ, 1600. A pariwo ẹ̀ bí ẹni ka táìmù. Yàrá ọ̀hún ò fẹ̀ rárá, ìgbésẹ̀ díẹ̀ lo máa gbé kí ògiri tó pàdé ẹ, fèrèsé ẹ̀ sì kéré, ó wà lókè. Wọ́n fi agboòrùn kan hàn wá, wọ́n ní ogójì ẹrú ni wọ́n fi ń ra irú ẹ̀. Wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ hàn wá, ọmọkùnrin kan nínú kíláàsì wa ní kí wọ́n jẹ́ kóun gbé e kọ́rùn. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mi ò ní purọ́ fún yín.

Ohun tí mi ò mọ̀ nígbà yẹn ni pé ẹni tó nilé náà, wọ́n ti gbé ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ kọ́ òun náà lọ́rùn rí.

Bí ìdílé ẹ̀ ṣe ń sọ ìtàn náà nìyí. Ọmọ Ijoga-Orile ni, ní ilẹ̀ Yewa, ìpínlẹ̀ Ògùn òde òní. Ifárẹ̀mílẹ́kún Fágbèmí ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Ẹ gbọ́ orúkọ yẹn dáadáa: ọmọ tí Ifá fi rẹ àwọn òbí ẹ̀ lẹ́kún. Ọmọ kékeré ni nígbà tí àwọn ọmọ ogun Dahomey kó o. Abass, oníṣòwò ẹrú kan ní Dahomey tó jẹ́ Mùsùlùmí, ló rà á, tó sì fi orúkọ ara ẹ̀ pè é. Òyìnbó Brazil kan tó ń jẹ́ Williams tún rà á lọ́wọ́ Abass, ó mú un sọdá òkun láti máa ṣiṣẹ́ ilé. Ibẹ̀ ló ti kọ́ èdè òyìnbó oríṣiríṣi, tó sì mọ̀wé kọ, tó mọ̀wé kà. Nígbà tó yá, Williams ní kó padà sílé o, àmọ́ kó jẹ́ pé àwọn méjèèjì á jọ máa ṣòwò. Irú òwò wo? Òwò tí wọ́n fi òun náà ṣe.

Ẹ wo orúkọ tó wá fi ṣe olówó. Williams, Abass. Orúkọ àwọn méjì tó ra òun fúnra ẹ̀ ni. Orúkọ tí bàbá ẹ̀ sọ ọ́ ò sí lára ohun tí aráyé fi ń pè é.

Mo ti ronú lórí èyí títí. Àwọn kan á ní ìkà ni. Àwọn kan á ní ayé ìgbà yẹn ni, ẹ má fi ojú òní wo ti àná. Èmi ò gba ti “ayé ìgbà yẹn” yẹn rárá, nítorí ọkùnrin mìíràn wà tí wọ́n jọ wà láyé ìgbà kan náà, wọ́n sì jọ tẹ ilẹ̀ Àgbádárìgì.

Ọmọ Ọ̀ṣogùn ni ìyẹn. Wọ́n kó o lẹ́rú lọ́dún 1821, òun náà ọmọdé, wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi wọ ọkọ̀ àwọn Potogí. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á lójú omi lọ́dún 1822, wọ́n gbé e lọ sí Sierra Leone. Àjàyí Crowther ni. Ní January 1845, òun àti àwọn míṣọ́nnárì gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì. Ọdún yẹn náà ni Gollmer kọ́ ilé alájà tí wọ́n ń pè ní àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, tó ṣì wà ní Marina. Láti ilé yẹn sí ilé Sẹ̀ríkí, ẹsẹ̀ lo máa fi rìn ín, o ò nílò ọ̀kadà. Àjàyí dúró ní Àgbádárìgì ju ọdún kan lọ kí ọ̀nà Abẹ́òkúta tó ṣí. Ní August 1846, ó rí ìyá ẹ̀ ní Abẹ́òkúta, lẹ́yìn ọdún márùndínlọ́gbọ̀n.

Ọmọdé méjì tí wọ́n kó lẹ́rú, tí àwọn méjèèjì mọ̀wé lọ́hùn-ún tí wọ́n sì padà wá. Ọ̀kan ń wá ìyá ẹ̀, ọ̀kan ń kọ́ yàrá tó máa kó ọmọ ìyá ẹlòmíràn sí. Ẹ má sọ fún mi pé ayé ìgbà yẹn ò fún èèyàn láyè láti yàn.

Ẹ dúró ná, ẹnì kan ti bi mí pé ṣé Àgbádárìgì ò tíì ń ta ẹrú kó tó dé ni? Ó ti ń ta á tipẹ́tipẹ́. Ọjà Vlẹkẹtẹ wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí i. Adélé, ọba Èkó tí wọ́n lé kúrò lórí oyè, ibẹ̀ ló fara pamọ́ sí. Nígbà tí Clapperton àti Richard Lander gúnlẹ̀ síbẹ̀ lọ́dún 1825, òwò náà ń lọ ní pẹrẹu. Kì í ṣe Sẹ̀ríkí ló dá a sílẹ̀. Ó bá a nílẹ̀ ni, ó sì ṣe é dáadáa ju ọ̀pọ̀ lọ.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù rèé o. Ẹ bá mi ṣírò.

Wọ́n ní 1840 ló kọ́ ilé náà. Ọdún 1919 ló kú. Ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin nìyẹn. Ká ní ọmọ ogún ọdún péré ni nígbà tó kọ́lé, á jẹ́ pé ọgọ́rùn-ún dín ọ̀kan ló kú sí. Kò ṣòro fún Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n 1897 ni wọ́n fi í joyè Sẹ̀ríkí Mùsùlùmí, nígbà tó yẹ kó ti di ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́rin. Ìdílé ẹ̀ sì sọ pé 1913 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi í ṣe olórí gbogbo agbègbè náà, nígbà tó yẹ kó ti lé ní àádọ́rùn-ún. Ẹni àádọ́rùn-ún ọdún ló wá ń gba iṣẹ́ ìjọba? Ẹ gbà mí o. Ojú tèmi ni pé ọdún 1840 yẹn ti tètè jù fún un.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká gba 1840 bẹ́ẹ̀, ká má bá ẹnikẹ́ni jà. Lọ́dún 1850, Brazil ṣòfin tó ti ilẹ̀kùn mọ́ ọkọ̀ ẹrú, òfin náà sì múlẹ̀. Ní December 1851, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yin ìbọn sí Èkó. Lọ́dún 1861, wọ́n gba Èkó pátápátá. Lọ́dún 1863, wọ́n gba Àgbádárìgì náà. Ìwọ̀nba tó kù tó ń yọ́ lọ sí Cuba, kò ju ọdún bíi mélòó kan sí i lọ tó fi tán.

Ẹ ti rí ibi tí mò ń lọ? Láti 1840 sí 1850, ọdún mẹ́wàá. Láti 1850 títí dé ikú ẹ̀, ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin. Nínú gbogbo ayé tí Sẹ̀ríkí fi jẹ́ olówó létí ọ̀sà, apá tó pọ̀ jù ni kò sí ọkọ̀ kankan tó ń gbé ẹrú lọ sí Brazil mọ́.

Bẹ́ẹ̀, ọlá ilé ńlá létí ọ̀sà kò wálẹ̀. Ńṣe ló ń ga sí i. Kí ló wá ń gbé e dúró?

Epo ni. Liverpool fẹ́ epo pupa fún ọṣẹ àti àbẹ́là, wọ́n sì tún fi ń pa ẹ̀rọ wọn lára kó má baà máa dún. Nígbà tó yá, Hamburg ní Jámánì fẹ́ èkùrọ́ lọ́pọ̀lọpọ̀. Àgbọn náà wọ̀ ọ́. Láti 1876 ni àwọn fáda ìjọ Àgùdà ti ní oko àgbọn tiwọn ní Tòpó, ní Àgbádárìgì níbẹ̀. Ilẹ̀ Tòpó yẹn náà ni ASCON, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ti ń gba ẹ̀kọ́ lónìí.

Ẹni tó bá ti bá ìyá ẹ̀ fọ epo rí ló mọ ohun tí mo fẹ́ sọ báyìí. Ẹnì kan máa gun ọ̀pẹ. Ẹnì kan máa ru ìdì ẹyìn délé. Wọ́n máa yọ ọ́, wọ́n máa sè é, wọ́n máa gún un tàbí kí wọ́n fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ nínú ẹkù. Omi tí wọ́n máa pọn láti fi yọ epo yẹn nìkan, iṣẹ́ ọjọ́ kan gbáko ni. Wọ́n á wá máa fi òkúta pa èkùrọ́ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan o! Tí àgbá bá ti kún, wọ́n á yí i dé etí omi, àwọn géńdé á fi àjẹ̀ wa ọkọ̀ láti Àjàṣẹ́ gba Àgbádárìgì dé Èkó. Ọ̀sà ni títì ọlọ́dà ìgbà yẹn. Kò sí ẹ̀rọ níbì kankan nínú gbogbo ohun tí mo kà yìí. Ọwọ́ èèyàn ni.

Ta ló ni ọwọ́? Bí òyìnbó òkun ò ra ẹrú mọ́, àwọn tó ń jagun lókè ò tíì dáwọ́ dúró. Ogun Kírìjì bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1877, ọ̀pọ̀ ọdún ló gbà kó tó parí. Ìgbèkùn ń sọ̀ kalẹ̀ wá sí etí ọ̀sà ṣáá. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé wọn kì í sọdá lọ sí Gbẹ̀rẹ̀fú mọ́. Ibí ni wọ́n ń dúró sí.

Òfin Gẹ̀ẹ́sì ní kò sẹ́rú lábẹ́ àsíá. Lórí ìwé nìyẹn. Àwọn Háúsá kan sá kúrò lọ́dọ̀ olówó wọn, Glover sì kó wọn jọ ní Èkó lọ́dún 1863, ó fi wọ́n ṣe ọlọ́pàá. Fún àwọn tó kù, ìjọba wojú sílé wojú sóde, nítorí epo gbọ́dọ̀ máa bọ̀. Ẹrú wá di arọ́tà. Ó ń gbé nínú ọgbà olówó, ó ń ro ilẹ̀ olówó. Kò sí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lọ́rùn ẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá lọ, níbo ló máa sùn? Ìlú ẹ̀ ti jóná, ẹni tó mọ̀ ọ́n ti kú tàbí wọ́n ti tà á. Bó bá jẹ́ obìnrin, ó ṣeé ṣe kí olówó fi ṣaya, kí ọmọ tó bí di ọmọ ilé. Mi ò ní mo mọ ti inú ilé Sẹ̀ríkí o. Ìtàn ìdílé náà ka ìyàwó 128 àti ọmọ 144 mọ́ ọn lọ́wọ́, mo bọ̀wọ̀ fún wọn, wọ́n gba wá tọwọ́tẹsẹ̀. Gbogbo etí ọ̀sà ni mò ń sọ. Bí ilé ńlá ṣe ń di ńlá nìyẹn.

Ìdí tí mo fi kọ gbogbo eléyìí nìyí. Nígbà tí wọ́n bá mú wa lọ sí Gbẹ̀rẹ̀fú, wọ́n máa ń sọ pé ẹni tó bá ti kọjá ibẹ̀ ò padà mọ́. A ó sunkún, a ó ya fọ́tò, a ó rò pé àwọn ẹrú ti lọ. Wọ́n wà ní Brazil, wọ́n wà ní Amẹ́ríkà, ọmọ wọn ló ń fò wá láti Atlanta wá bá wa sunkún. Àwa tó kù ńkọ́? Àwa wá di ọmọ àwọn tó dúró sílé tó ń juwọ́ sí wọn, àbí? Bí ọ̀rọ̀ bá rí bí mo ṣe ṣírò ẹ̀ yẹn, ọ̀pọ̀ ni kò lọ. Wọ́n wà níbí, wọ́n bímọ, wọ́n sin wọ́n síbí.

Mo lọ bi ìyá àgbà mi. Ẹ̀yìn ilé ni wọ́n wà ní Imeke, wọ́n ń bó ẹ̀gẹ́ fún gàrí.

“Ẹ kú iṣẹ́ mà.”

“Oo, ọkọ mi. O dé?”

“Ìyá àgbà, níbo ni ìyá ìyá yín ti wá?”

Ọ̀bẹ ò dúró. Wọ́n bó ẹ̀gẹ́ mẹ́ta, bóyá mẹ́rin. “Kí lo fẹ́ fi ṣe?”

Mo ní ìtàn ni mo fẹ́ kọ. Wọ́n wò mí, wọ́n ní nǹkan pọ̀ tí mo lè kọ. Wọ́n tún bó méjì sí i. Wọ́n wá ní ilà kan wà lójú ìyá yẹn tí kò sí lójú ẹnikẹ́ni nílé wa, pé nígbà táwọn wà lọ́mọdé àwọn máa ń fi ìka tọ̀ ọ́, wọ́n á sì na àwọn. Wọ́n ní Àgbádárìgì ni wọ́n ti mú un wá, ó ti gbé nílé olówó kan létí ọ̀sà kí bàbá wọn àgbà tó fẹ́ ẹ. Olówó wo? Kò dárúkọ ẹ̀ rí. Tí àwọn ọmọ bá bi í pé ta ló bí i, á ní omi ló gbé òun wá.

“Oríkì ẹ̀ ńkọ́, mà?”

“Ta ni ì bá kì í?”

Mo jókòó tì wọ́n. Mo mú ọ̀bẹ kejì. Mo fẹ́ bi wọ́n bóyá ilà yẹn wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì tàbí ọ̀kan, bóyá ó gùn àbí ó kúrú, torí àwọn tó mọ ilà lè wò ó kí wọ́n mọ ìlú. Kí n tó la ẹnu, wọ́n ti gbá èèpo ẹ̀gẹ́ jọ, wọ́n ní kí n lọ pọn omi wá.